Asọ̀rọ̀mágbèsì Inú Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń bi wá léèrè pé kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe sí rédíò inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó bá yadi, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọ àná mọ́. Àwọn kan ní kí a yọ ọ́ dànù, kí a sì fi tuntun sí ipò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kò fi rédíò rìn. A kò fẹ́ fèsì nígbà náà, nítorí pé ọ̀ràn náà kò tíì kan àwa pàápàá. Nísinsìnyí ó ti kàn wá, ó sì kàn wá dé ibi pé díẹ̀ ni ó kù kí a pàdánù ọkọ̀, kí a sì pàdánù ohun mìíràn tí ó níye lórí jù ọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ tí a ń wí yìí ni Peugeot 504 tí bàbá wa rà ní 1986. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí a tò pọ̀ ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà ní 1975. Ẹni tí ó bá dàgbà tó láti rántí àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò ní ṣàì rántí bí 504 ti pọ̀ tó ní ojú pópó, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba títí dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ èrò tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí bàbá wa dágbére fún ayé ní 2009 ni ọkọ̀ náà di tiwa. Àwọn àbúrò wa a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa náà a máa rán wọn létí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Rédíò inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó ní kókó méjì tí a ń yí, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, tí ó sì ní ẹnu tóóró láàrin tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì sí. Láti 1935 tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, Yorùbá ti ń bá ohun èlò yìí gbé bí ẹni ń bá ará ilé gbé, orúkọ tí a sì sọ ọ́, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá a mu, nítorí pé yóò sọ tirẹ̀ tán, kò sì ní gbọ́ tìrẹ. Bàbá wa a máa bá a jiyàn síbẹ̀síbẹ̀. Bí a bá ń lọ sí oko ní ọjọ́ Sátidé, tí olùka ìròyìn bá sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò pa á lẹ́nu mọ́ nípa yíyí kókó ọwọ́ òsì, yóò sọ èrò tirẹ̀ fún wa, lẹ́yìn náà ni yóò tún gbà á láyè láti máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀ràn wa. Ní 1991, nígbà tí àbúrò wa obìnrin ṣe ìgbéyàwó, ẹnì kan gba orin tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá kọ ní ọjọ́ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá wa ni ó lé orin náà. Ìyá wa kú ní 2003, kò sì sí ibòmíràn ní gbogbo ayé tí a tún ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ àfi nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí. Bàbá wa kò jẹ́ kí ó kúrò nínú ọkọ̀, àwa náà kò sì mú un kúrò. Ẹ óò bi wá pé èé ṣe tí a kò fi dà á kọ sí ibòmíràn láti ìgbà náà. A ti pinnu bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí.

Ní ìparí ọdún 2022, bátìrì ọkọ̀ kú. A ra òmíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin rìwáyà kan ní àdúgbò sì bá wa so ó. A rí i tí iná ṣẹ́ pàrà bí ó ti fi wáyà kan orí bátìrì, a sì rí i tí ó yára pààrọ̀ wáyà méjèèjì sí ipò ara wọn, ṣùgbọ́n a kò ka èyí sí. Láti ọjọ́ náà ni rédíò kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀. A tẹ bọ́tìnì tí ó yẹ kí ó tì í jáde, kò jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà wá wò ó. Ó ní, “Bàbá, rédíò yìí ti kú. Ẹ jẹ́ kí n fi sukudiráfà họ kásẹ́ẹ̀tì yẹn jáde, kí n sì bá yín gbé tuntun sí i.” A ní kí ó má ṣe fi irin kan kásẹ́ẹ̀tì náà rárá. Nígbà tí ó rí i pé ojú wa le, ó tẹ̀ síwájú láti dán ohun mìíràn wò. Ó gé wáyà tí ń gbé iná wọ inú rédíò, ó fa wáyà tuntun gba inú ihò kan ní ara irin tí ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, ó sì lọ́ orí rẹ̀ mọ́ orí bátìrì tààrà. Ojú rédíò tàn! Ohùn jáde! Kásẹ́ẹ̀tì kò yí o, ṣùgbọ́n ohùn ilé-iṣẹ́ rédíò ń wọlé. A yọ̀, a san owó, a sì kí i pé ó kú iṣẹ́. A kò mọ̀ pé iná ni a gbé pamọ́ sínú ọkọ̀.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, àwa àti ìyàwó wa ń lọ sí Abẹ́òkúta láti kí àbúrò wa yìí kan náà. Nígbà tí a kọjá Ọmí-Adió díẹ̀, ìyàwó wa ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin kò gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jó ni?” A dá a lóhùn pé láti ara ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wà níwájú wa ni. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ọkọ̀ akẹ́rù náà ti yà, òórùn náà kò yà.” Kí a tó fèsì, eéfín ti ń jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó nípọn, ó sì funfun, ojú wa sì ń ta.

A yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a ṣí iwájú ọkọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà tí a óò fi tú orí bátìrì. Ọkùnrin ni wá, sípánà ni ó wá sí wa lọ́kàn. Ìyàwó wa kò wá sípánà. Ó tú gèlè rẹ̀, ó wé e mọ́ ọwọ́, ó di wáyà tí ọmọkùnrin náà lọ́ mọ́ orí bátìrì mú, ó sì fà á já. Nítorí pé a kàn lọ́ ọ lásán ni, láìsí ìdè, ó já ní ẹ̀ẹ̀kan. Iṣẹ́ búburú tí ó dá iná sílẹ̀ náà ni ó jẹ́ kí a lè tètè pa á. Kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ wa jó, ọ̀pọ̀ wáyà yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, àpá sì wà ní àtàǹpàkò ìyàwó wa títí di òní. Bí epo bá ń jò ní ibì kan nínú ọkọ̀ náà ni, a kì bá tí kọ ìwé yìí.

Nísinsìnyí a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí ó ti gbó ní ilé dúró díẹ̀ ní ibí yìí. Bátìrì ọkọ̀ kò ju fólítì 12 lọ. Ènìyàn lè fi ọwọ́ gbígbẹ kan orí rẹ̀ méjèèjì láìsí pé iná gbé e, èyí sì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, tí wọ́n fi rò pé kò léwu. Ṣùgbọ́n bátìrì yìí kan náà ni ó ń ta ẹ́ńjìnnì jí ní òwúrọ̀, iṣẹ́ náà sì ń gba iná tí ó ju áńpù 100 lọ. Bí wáyà tín-ín-rín bá ti orí bátìrì wá tààrà, tí ara rẹ̀ sì bó, tí ó kan irin ara ọkọ̀, gbogbo agbára yìí ni yóò fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá lójú kan náà. Wáyà yóò pọ́n bí ìdáná alágbẹ̀dẹ. Fíùsì ni ó wà láti dí ọ̀nà náà. Ti rédíò kì í sábà ju áńpù 10 tàbí 15 lọ, ìyẹn ni pé bí iná tí ń kọjá bá ti ju èyí lọ, fíùsì yóò fi ara rẹ̀ rúbọ, ọ̀nà yóò sì dí kí wáyà tó gbóná. Wáyà tí ọmọkùnrin náà fà kò ní fíùsì kankan, kò sì fi rọ́bà yí etí ihò irin náà ká. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, etí irin náà ń rẹ́ ara wáyà bí ọ̀bẹ. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó gbà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fa wáyà láti orí bátìrì wọ inú ọkọ̀ yín, fún rédíò tàbí fún ohun mìíràn, ẹ ní kí ó fi fíùsì sí i nítòsí bátìrì gan-an, kì í ṣe ní ẹ̀yìn rédíò nìkan, nítorí pé fíùsì tí ó wà ní ẹ̀yìn rédíò kò lè dáàbò bo wáyà tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá ní kò pọn dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Àwa wá ẹlòmíràn. Ní apá Agodi Gate ní Ìbàdàn, níbi tí ọjà Àràrọ̀mí tí a ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ wà, ọkùnrin àgbàlagbà kan ń tún rédíò ṣe lábẹ́ ìbòrí páànù. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ó gbé àga fún ìyàwó wa, ó sì bi wá pé, “Kí ni ẹ ti ṣe sí i kí ẹ tó gbé e wá?” A ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan iná tí ó ṣẹ́ pàrà ní ọjọ́ tí a so bátìrì. Ó mi orí. A sọ fún un pé a ti gba wá níyànjú láti jù ú nù. Ó ní, “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́,” ó sì nawọ́ mú gílóòbù kékeré kan tí ó so wáyà méjì mọ́.

Gílóòbù yìí ni gbogbo ohun èlò rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ irin ara ọkọ̀, ó sì ń fi èkejì tọ́ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan wò pé, ṣé iná wà níbí, ṣé iná wà lọ́hùn-ún. Ó wá fíùsì tí ó wà lára wáyà tí a gé sọnù, ó gbé e sókè sí oòrùn, okùn inú rẹ̀ ti jó. Ó ṣàlàyé fún wa pé nínú ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀, a fi ohun kékeré kan sí i, tí ó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá so bátìrì ní òdì, fíùsì ni yóò jó kí rédíò má baà kú. Rédíò wa kò kú ní ọjọ́ náà, ẹ̀yin ará. Fíùsì rẹ̀ ni ó kú nítorí rẹ̀. Owó fíùsì kan, tí kò tó owó gúgúrú àti ẹ̀pà, ni a fẹ́ tìtorí rẹ̀ da ohùn ìyá wa nù.

Ó kọ́ wa ní ohun díẹ̀ sí i tí a lè dán wò ní ilé kí a tó ké sí oníṣẹ́. Bí rédíò bá tàn tí kò dún, a lè yọ wáyà sípíkà, kí a fi bátìrì kékeré tí a ń lò nínú tọ́ọ̀ṣì kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí a sì tètè mú un kúrò. Bí sípíkà bá yè, yóò dún “kọ̀.” Bí kò bá dún, rédíò kò jẹ̀bi. Bí ó bá ń dún ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ń ké fíín, tí igbe náà sì ń ròkè bí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré sí i, wáyà dúdú tí ó kan irin ara ọkọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá ìpẹtà ti jẹ ibi tí a dè é mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ariwo ṣáá ni ó ń gbé wá ní ibi tí rédíò aládùúgbò ti ń mú ohùn wá kedere, ìdí ọ̀pá éríà ni kí a lọ, nítorí pé òjò ọdún pípẹ́ ti lè ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì gbàgbé eku. Ó fi wáyà kan tí eku ti jẹ hàn wá lábẹ́ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, a kò sì mọ ìgbà tí eku fi di èrò ọkọ̀ wa.

Lẹ́yìn èyí ni ó gbé rédíò sórí tábìlì láti yọ kásẹ́ẹ̀tì. A sún mọ́ ọn, ọkàn wa sì ń lù. Ó tú skúrù ìdérí òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó jẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà nínú rẹ̀ ti yọ́ bí ọ̀dà, ó lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo. Bí ó ti rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ní, ọjọ́ orí rọ́bà kúrú ju ti irin lọ. Nígbà tí bẹ́líìtì náà ń kú lọ, téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì ti wé mọ́ kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tí ń kà á. Bí a bá ti fi sukudiráfà họ ọ́ jáde, téèpù ìbá já ní ogún ọ̀nà. Téèpù yìí kò fẹ̀ tó mílímítà 4, ó sì fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ.

Kò fà á. Ó fi ìka yí kẹ̀kẹ́ irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, téèpù sì ń tú kúrò ní ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Ibì kan ti ká bí aṣọ tí a kò lọ̀, kò sì lè ṣe é tọ́ mọ́. Ó fi abẹ gé e kúrò, ó sì lẹ ẹnu méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú téèpù tí a ṣe fún iṣẹ́ náà. Ó kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sẹ́lótéèpù ìwé ṣe é, nítorí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò yọ jáde nínú ooru, yóò sì lẹ gbogbo ìyókù pọ̀. Ohun tí ó gé gùn tó sẹ́ńtímítà 5. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì a máa rìn ní sẹ́ńtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a pàdánù nínú orin náà. Ó wá bẹ́líìtì tí ó bá ẹ̀rọ náà mu nínú agolo kan tí ó kún fún oríṣiríṣi rẹ̀, ó fi òwú àti spirit nu gbogbo ọ̀dà náà, ó sì nu orí tí ń ka téèpù pẹ̀lú.

Kí a tó sọ ohun tí a gbọ́, ó yẹ kí a ṣe òdodo sí àbúrò wa ọkùnrin tí ó wà ní Èkó. Nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn eéfín náà, ó fi rédíò tuntun ránṣẹ́ sí wa láti ọjà Alábà, ó sì kọ̀wé pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má fi ẹ̀mí ara yín àti ti ìyàwó yín wéwu nítorí ohun àtijọ́.” Kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ojú pópó, tí a ń pè lórí fóònù nígbàkigbà, rédíò tuntun tí ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láìlo ọwọ́ sàn ju ti àtijọ́ lọ, a kò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Kí ó kọ́kọ́ fi rúlà wọn ihò tí rédíò wà. Ìwọ̀n kan wà tí gbogbo ayé ń lò, mílímítà 180 ní ìbú àti 50 ní gíga. Òmíràn wà tí gíga rẹ̀ jẹ́ 100. Ti àbúrò wa jẹ́ ti 100, ihò ọkọ̀ wa sì jẹ́ ti 50. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a fi ayùn rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù òun nítorí èyí, nítorí pé ohun tí a bá rẹ́ kúrò níbẹ̀ kò ní padà.

Lẹ́yìn èyí, wáyà. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ rédíò tuntun tí a ń tà lọ́tọ̀, wáyà aláwọ̀ ìyeyè ni kì í sùn, òun ni ó ń jẹ́ kí rédíò rántí aago àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí a ti yàn. Wáyà pupa ni ó ń jí nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ni ti irin ara ọkọ̀. Bí oníṣẹ́ bá pa ti ìyeyè àti pupa pọ̀ sí orí bátìrì, rédíò lè wà lójúfò ní òru mọ́jú, bátìrì yóò sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ jáde kíákíá. Bí ó bá pààrọ̀ wọn fún ara wọn, rédíò yóò gbàgbé ohun gbogbo ní gbogbo ìgbà tí a bá pa ọkọ̀. Wáyà funfun, aláwọ̀ eérú, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ àlùkò jẹ́ ti sípíkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìkejì rẹ̀ tí ó ní ilà dúdú. Ibí yìí ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ti ń fi tuntun ṣòfò: nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà kan ni a fà lọ sí sípíkà, a sì fi irin ara ọkọ̀ ṣe èkejì. Rédíò òde òní kò gba èyí. Bí a bá so ó bẹ́ẹ̀, ó lè jó láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó di dandan kí a fa wáyà méjì tuntun lọ sí ọ̀dọ̀ sípíkà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkọ̀ tí ó dàgbà ju ti wa lọ tún ní tiwọn. Ọ̀pọ̀ Morris Minor, tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn nígbà kan rí, ni a fi orí bátìrì tí ó ní àmì ìròpọ̀ so mọ́ irin ara ọkọ̀, òdì gbáà sí bí a ti ń ṣe é lónìí.

Ẹni tí ó bá sì ra rédíò àlòkù, kí ó dán an wò kí ó tó san owó. Èyí tí a ṣe fún ilẹ̀ Japan kì í sábà gòkè dé ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ FM wa wà. Orí 76 ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì dúró ní 90 tàbí 95, nítorí náà kò ní gbọ́ Amúlùdùn lórí 99.1, kò sì ní gbọ́ Rédíò Èkó lórí 107.5 láéláé, bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́. Ti Amẹ́ríkà dé 108, ṣùgbọ́n lórí AM ó ń fo kílóhẹ́ẹ̀sì 10 ní ìṣísẹ̀ kan, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tiwa ń fi 9 jìnnà síra. Nínú àwọn kan a lè yí èyí padà, nínú àwọn mìíràn a kò lè yí i.

Aládùúgbò wa kan tí ó ní Honda tókúnbọ̀ wá bá wa ní ọ̀sẹ̀ kan náà pé rédíò òun ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lẹ́yìn tí a pààrọ̀ bátìrì. Kò bàjẹ́ rárá, àwọn tí ó ṣe é ni ó fi ìdènà yìí sí i nítorí olè. Káàdì tí a kọ nọ́ńbà náà sí ti kù sí ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ní òkè òkun. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, bí a bá di bọ́tìnì 1 àti 6 mú pọ̀ nígbà tí a ń tan rédíò, nọ́ńbà ara rẹ̀ yóò hàn, èyí ni àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ náà fi lè wá ti àṣírí jáde. Ẹ má ṣe máa tẹ nọ́ńbà tí ó bá ṣáà ti wá sí ọkàn yín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí a bá ṣì í, yóò ti ilẹ̀kùn pátápátá.

Fún ẹni tí ó fẹ́ràn rédíò àtijọ́ rẹ̀ bí tiwa, tí ó sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ó wà nínú fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń ki bọ ihò tí a fi ń tan sìgá. Yóò gba ohùn láti inú fóònù, yóò sì gbé e lọ bá rédíò lórí FM bí ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré. Kò gé wáyà kankan, kò sì rẹ́ ohunkóhun. Rédíò tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ ti wà nínú ọkọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, níbi tí ó bá ihò rẹ̀ mu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ní Agodi, nígbà tí a ti dá rédíò padà sí ipò rẹ̀, tí fíùsì tuntun sì wà níbi tí ó yẹ kí ó wà, ọkùnrin àgbà náà ní kí a fúnra wa ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ ọ́. A kì í. Ó kọ́kọ́ dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ariwo àwọn ènìyàn ní ìgbéyàwó, ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀, agogo sì ń dún. Ìyá wa gbé orin. Ibi tí a gé kúrò bọ́ sí ẹsẹ kejì, níbi tí ó ti ń fa ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn gùn kí ègbè tó gbà á. Nísinsìnyí ègbè ti ń gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó parí. Ìyàwó wa, tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà ayé rẹ̀, rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá kò bá tí gbà fún wọn.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, a ti fi fóònù gbà á sílẹ̀, a sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò wa ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta. Ti Abẹ́òkúta pè wá ní kíá, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ti Èkó kò pè títí di alẹ́. Nígbà tí ó pè, ó béèrè iye tí ọkùnrin àgbà náà gbà, ó sì ní òun ni yóò san án.

Sípíkà ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń hó díẹ̀ bí a bá yí kókó sókè. Ọkùnrin àgbà náà ní ìwé inú rẹ̀ ni ó ya, pé òun lè fi gọ́ọ̀mù pa á pọ̀, kí a gbé ọkọ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀ bí òjò kò bá rọ̀.